Ẹ̀fọ́ Àgbọ̀nrín

Títí di òní, Màmá mi kò gbà pé òun ṣẹ̀ mí. Bí ẹ bá bá a nílé tí ẹ ní kó sọ tẹnu rẹ̀, yóò ní ọmọ òun Thurman ya ahun, ó fẹ́ràn ẹranko ju ènìyàn lọ, òun kò sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà lẹ́yìn ilé Màmá. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún un. Ó gba inú igbó páìnì kọjá títí dé etí odò, ilẹ̀ dúdú Alabama tiwa yìí, tí yóò gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ lọ́jọ́ òjò, tí yóò sì là bí àwo fífọ́ nígbà ọ̀dá. Èmi àti Cleotis, ọmọ àbúrò bàbá mi, ni a jọ ń ṣọdẹ níbẹ̀. Ọdún lẹ́yìn ọdún ni mo ń gun ègùn mi, ìyẹn ilé páákó kékeré kan tí mo kàn sórí òpó mẹ́rin. N óò jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí itan, òtútù yóò máa mú mi, n kò sì ní rí nǹkan kan ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo àgbọ̀nrín àdúgbò wà ní ilẹ̀ kejì tó bá tiwa pààlà, níbi tí àwọn ọdẹ kan láti Birmingham ti gbin oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Mo máa ń gbọ́ ìró ìbọn wọn láti orí ègùn mi. Bó bá ti dún báyìí, ọjọ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn.

Cleotis ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní, "Ìwọ náà dá oko fún wọn. Ta ló máa fi ibi tí oúnjẹ wà sílẹ̀, kó wá máa wo ojú ẹ?"

"Kí ni kí n gbìn?"

"Tọ́nípù. Tí ìrì dídì bá ti bà lé e lẹ́ẹ̀kan báyìí, ewé ẹ̀ á dùn bíi ṣúgà. Wọn ò ní lọ síbòmíì mọ́."

Tọ́nípù. Ẹ̀fọ́ tí gbogbo ìyá wa níbí ń sè, tí wọ́n ń fi ọrùn tòlótòló yíyan sí, tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀ kí n ronú. N kò ronú.

Ilé iṣẹ́ bébà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti jáde nírọ̀lẹ́, oko ni mo ń gbà lọ. Renita ìyàwó mi ní òun kò rí i kí n fi ìdajì agbára yẹn gé koríko iwájú ilé wa rí. Katakata Cleotis ni mo fi tú ilẹ̀, àga rẹ̀ sì ti já, orí àpò ajílẹ̀ ni mo jókòó lé tí mo fi ń wà á. Mo da ẹfun tí àgbẹ̀ fi ń tún ilẹ̀ ṣe sí ilẹ̀ náà, mo da ajílẹ̀ sí i, mo fọ́n irúgbìn. Òjò kò rọ̀. Gbogbo oṣù kẹsàn-án, ojú ọ̀run mọ́ kedere bí ẹni pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ẹyẹ sì ṣa irúgbìn jẹ tán. Mo fọ́n òmíràn. Òjò rọ̀ sí ìyẹn, ó hù, mo tilẹ̀ mú Renita lọ wò ó. Nígbà tí n óò fi padà débẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ ku igi. Kòkòrò wínníwínní, wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń wọ́ lọ sí ìdí páìnì bí ẹni tó jẹun yó tó ń lọ sílé. Mo jókòó sórí àpò ajílẹ̀. Cleotis ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú. Mo lọ wá irúgbìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ìyẹn ló dúró. Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, oko náà tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín sì ti wà létí rẹ̀. Kámẹ́rà tí mo so mọ́ igi, tó ń dá ya ohunkóhun tó bá kọjá, ti ya akọ ńlá kan tí ìwo rẹ̀ pẹ̀ka lọ sókè bí igi tí kò léwé. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Mo gbé Màmá sínú ọkọ̀, mo ní kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó já ewé kan, ó fi í sẹ́nu.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló máa jẹ ẹ́?"

"Àgbọ̀nrín ni."

Ó yíjú sí mi. "Àgbọ̀nrín."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n á wá jẹ ẹ́, èmi á sì yìnbọn fún wọn."

"Gbogbo ẹ̀ yìí?"

"Gbogbo ẹ̀."

Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó jẹ ewé yẹn tán, ó nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní ká máa lọ. Màmá mi kì í dákẹ́ lásán. Èmi ni ó bí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo wa ọkọ̀ lọ sílé tí mo ń súfèé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo dé oko, mo rí i pé apá kan ti ṣófo. Ewé ti lọ, ó ku ìdí. Inú mi dùn, mo sì pe Cleotis lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ti dé. Wọ́n ti jẹ ẹ́ lọ bẹẹrẹ."

Cleotis dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí ewé kan, ó tún wo òmíràn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Thurman, àgbọ̀nrín tìrẹ ń lo ọ̀bẹ?"

A lọ yẹ kámẹ́rà wò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹ̀yìn obìnrin kan nínú aṣọ olódòdó, ó bẹ̀rẹ̀ débi pé ẹ̀yìn náà bo gbogbo àwòrán. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, Mísì Ozella, ọ̀rẹ́ Màmá, ti gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ kámẹ́rà pẹ́kípẹ́kí, ó ń wo ohun tí nǹkan náà jẹ́. Díákónì Purvis, ti ṣọ́ọ̀ṣì Màmá, wà níbẹ̀ tó gbé àpò rù. Màmá mi alára sì wà láàárín oko, ó na ọwọ́, ó ń júwe ibi tí ewé ti rọ̀ jù fún wọn. Cleotis rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

Mo wakọ̀ lọ tààrà sílé Màmá. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí n óò sọ jọ lójú ọ̀nà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn ẹ̀fọ́ náà gbá mi nímú.

"Jókòó," ni Màmá wí. Ó ti ń bu oúnjẹ.

"Màmá, n ò wá jẹun."

"Mo ní kó o jókòó."

Mo jókòó. Ó gbé abọ́ síwájú mi, ó gbé búrẹ́dì àgbàdo tì í, ó sún ìgò ata inú ọtí kíkan mọ́ mi. Ohun tó bí mi nínú jù lọ́jọ́ náà ni pé ó dùn. Mo fi ẹnu tó kún sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo kàn dìde nígbà ìkéde ni. Mo ní ọmọ mi gbin ẹ̀fọ́ tó pọ̀, kò mọ ohun tó máa fi ṣe."

"Mo mọ ohun tí mo máa fi ṣe."

"Àgbọ̀nrín."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Mi ò lè dìde nínú ilé Ọlọ́run kí n máa sọ ìyẹn."

"Màmá, òórùn ènìyàn ń lé wọn. Tí wọ́n bá gbóòórùn ènìyàn níbẹ̀, wọn ò ní wá mọ́. Mísì Ozella sì rèé, lọ́fínńdà tó ń fín yẹn, a lè gbọ́ ọ dé odò."

"Kí ló ṣe òórùn Ozella? Ó ń wẹ̀. Ìwọ lo máa ń fi ìtọ̀ ẹranko pa bàtà kó o tó wọ igbó, òórùn Ozella lo wá ń bá wí." Ó fa àga, ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ yín ni, Màmá."

"Ó dáa. Ṣé kí n fi ẹ̀fọ́ sí i fún ẹ?"

Ó fi sí i.

A jọ dúnàádúrà kí n tó lọ. Mo ri èèkàn mọ́lẹ̀, mo ta okùn kọjá láàárín oko. Ẹ̀gbẹ́ tó wà nítòsí ọ̀nà di ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ tó wà nítòsí ègùn di ti àgbọ̀nrín. Màmá gbà. Ó ní mo ti ṣe dáadáa, ó ní bàbá mi náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, okùn náà ti sún sí ìhà ègùn. Mo dá a padà. Nígbà tí mo tún débẹ̀, ó tún ti sún, ó sì ti sún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bi Màmá. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní afẹ́fẹ́ kì í fa èèkàn yọ kó tún gbá a mọ́lẹ̀. Ó ní ewé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti le, eyín Ozella kò sì dára.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ tí ìjọba ṣí ìgbà ìbọn, ìyẹn ìgbà tí òfin gbà ká fi ìbọn pa àgbọ̀nrín. Mo ti gun ègùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrì dídì ti bo gbogbo oko, ó funfun, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ojú ọ̀run ṣe ń là, akọ ńlá yẹn yọ láàárín páìnì. Òun gan-an ni. Mo mọ ìwo rẹ̀. Ó dúró, ó fi imú wá afẹ́fẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dúró. Mo rọra gbé ìbọn lé ojú fèrèsé. Ó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jáde síta gbangba. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi pé, máa bọ̀, ọ̀rẹ́ mi, máa bọ̀, èmi ni mo gbìn ín.

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ náà lọ. N kò tilẹ̀ rí bó ṣe lọ. Ibi tó dúró sí ṣófo lójijì, ni bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì bá yọ lójú ọ̀nà, ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú garawa. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí àwa ọdẹ ń wọ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣèèṣì yìnbọn fún wa. Mo wò ó dáadáa. Tèmi àtijọ́ wà níbẹ̀. Ti Cleotis wà níbẹ̀. Èyí tí bàbá mi lò títí ó fi kú wà lọ́rùn Mísì Ozella, ó sì dé e lórúnkún.

Mo yọ ọta kúrò nínú ìbọn, mo gbé e sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìbínú àti ẹ̀rù ló jọ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Màmá, ìbọn wà lọ́wọ́ mi lókè yẹn. Mo sọ fún yín pé òní ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n yìnbọn fún ènìyàn ni?"

"A mọ̀ pé òní ni. Ìdí tá a fi wọ èyí nìyẹn." Ó fa ẹ̀wù náà láyà. "Ṣé o rí wa?"

"Mo rí yín."

"Ṣé o yìnbọn fún wa?"

"Rárá, Màmá."

"Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Mísì Ozella ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. "Thurman, ọmọ mi, ewé ẹ yìí rọ̀ ju ti ọjà lọ o. Kí lo fi sí ilẹ̀ ẹ̀?"

"Ẹfun ni, mà," ni mo wí. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń dá a lóhùn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Díákónì Purvis tọ̀ mí wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì sápò. "Ṣé o ti pa nǹkan kan?"

"Rárá, Díákónì."

"Láti ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ó wo ègùn mi lókè, ó wo inú igbó, ó mi orí. "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibi tó o jókòó sí ni ò dáa."

Ọdún yẹn, n kò pa àgbọ̀nrín kankan. Kí Kérésìmesì tó dé, mo dúró ra epo sínú ọkọ̀, ọkọ̀ àwọn ará Birmingham wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, akọ ńlá mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbalaja. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo fẹ́ bá a ya fọ́tò. Mo ní rárá, ẹ ṣeun.

Nígbà tí ọdún yípo, mo ti kọ́gbọ́n. Mo sọ fún Cleotis pé n kò ní gbin ohunkóhun tí ẹnu ènìyàn lè jẹ láéláé. Óòtì, tí ewé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí koríko, ni mo gbìn, pẹ̀lú koríko elétí mẹ́ta tí màlúù fẹ́ràn. Ó hù dáadáa. Màmá wá wò ó, ó já ewé kan, ó jẹ ẹ́, ó tu ú dànù.

"Kí nìyí?"

"Koríko ni, Màmá."

"O gbin koríko."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Fún ọjọ́ mélòó kan, kò pè mí, èmi náà kò pè é, ara sì tù mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ìró katakata nínú oko. Mo sáré débẹ̀. Díákónì Purvis ló wà lórí rẹ̀, ó ń tú ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko mi, Màmá jókòó sórí àga etí oko pẹ̀lú agboòrùn, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí èmi ti kọ̀, òun máa fọwọ́ ara òun gbìn ín. Ó fi tọ́nípù síbẹ̀, ó fi oríṣi ẹ̀fọ́ mìíràn sí i, ó tún gbin ẹ̀wà yí etí rẹ̀ ká.

Ọjọ́ kejì tó fọ́n irúgbìn ni òjò rọ̀. Òjò jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi agolo bomi rin ín. Kòkòrò kan kò dé ibẹ̀. Mo dúró létí oko náà, mo wò ó, n kò mọ ẹni tí n óò fẹjọ́ sùn.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí fóònù mi dún.

"Thurman, gbé ìbọn ẹ wá."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ̀wà mi."

"Ta ni?"

"Àwọn àgbọ̀nrín ẹ. Wọ́n gba àárín koríko ẹ kọjá, wọn ò tilẹ̀ wò ó, wọ́n wá kó sí ẹ̀wà mi. Mo pariwo lé wọn, wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n ń jẹnu lọ."

N kò ní purọ́, mo jáde kúrò nídìí ẹ̀rọ kí n lè rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìgbà ìbọn ò tíì dé. Ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba ni."

"Ṣé ìjọba ti sọ fún àwọn àgbọ̀nrín?"

Ojoojúmọ́ ló ń pè mí láti ọjọ́ náà lọ. Ó so agolo mọ́ okùn kí ó lè máa dún, wọ́n jẹun tì í. Ó gbé rédíò tí pásítọ̀ kan ti ń wàásù síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ìwàásù, wọ́n jẹ ẹ̀wà tán, wọ́n bọ́ sórí ẹ̀fọ́. Mísì Ozella wá pẹ̀lú garawa, ó bá ìdí ewé nílẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Renita ní kí n yéé rẹ́rìn-ín níwájú Màmá. Mo sapá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìgbà ìbọn, mo ya ilé Màmá kí n sọ fún un pé mo ń lọ sórí ègùn. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ó gbé ìrọ̀rí sábẹ́ abíyá, ó gbé àpò ẹ̀pà bíbọ̀ dání.

"Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ̀wà ta ni wọ́n jẹ?"

Èmi ni mo tì í lẹ́yìn gun àkàsọ̀. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà kí ó lè sọ fún mi pé àkàsọ̀ náà kò dára. Nígbà tí a jókòó tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀pà. Mo ní kó rọra fọ́ ọ. Ó rọra fọ́ ọ. Ó ní ibi yìí kéré, ó ní ṣé bí mo ṣe máa ń jókòó láti òwúrọ̀ nìyí, ó ní ẹ̀yìn mi yóò dun mí tí mo bá dàgbà. Ó sọ nípa ọmọ Mísì Ozella tó kó lọ sí Detroit. Ó bi mí bóyá Renita ṣì ń bínú sí i lórí ọ̀rọ̀ kan tí èmi kò gbọ́ rí. Mo gbé orí lé ọwọ́. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé òní náà ti lọ.

Ó dákẹ́ lójijì. Ó di mí lápá.

Àgbọ̀nrín mẹ́rin ti jáde. Wọ́n gba àárín koríko mi kọjá, bó ṣe wí gan-an, wọn kò tẹ orí ba, wọ́n wọ inú ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo gbé ìbọn lé ojú fèrèsé.

Màmá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Èwo ló jẹ ẹ̀wà mi nínú wọn?"

"N ò mọ̀, Màmá. Ẹ dákẹ́."

"Tọwọ́ òsì yẹn. Ojú ẹ̀ jọ ti olè."

Abo ńlá kan ni, ó sanra, ó sì dúró gbagidi. Mo yìnbọn fún un. Ó ṣubú síbi tó wà, àwọn yòókù fò wọ páìnì. Etí mi ń hó. Láti ìgbà tí mo ti ń gun ègùn yẹn, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan kan ṣubú níwájú rẹ̀. Mo yíjú sí Màmá. Ó ti yọ ọwọ́ létí, ó ń na ọrùn wo inú igbó.

"Mẹ́ta ti lọ," ló wí.

"Ọ̀kan tó, Màmá."

"Wọ́n wà pọ̀ lójú kan, ọ̀kan lo yìnbọn fún." Ó mi orí, ó kó èèpo ẹ̀pà sínú àpò rẹ̀. "Ràn mí lọ́wọ́ kí n sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ti kú. Aago mélòó la ń bọ̀ lọ́la?"

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń lọ, ó ń tẹ̀ lé mi. A ti pa méjì mìíràn. Mo ti kan àga tó ní ìfẹ̀yìntì sórí ègùn fún un, nítorí pé ó ní òun kò ní jókòó sórí páákó mọ́. Cleotis bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan, ó padà wálé kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní òun ti dé ibi ìgbéyàwó tó dákẹ́ ju orí ègùn wa lọ.